Má Wulẹ̀ Gbé Ayùn Wá

Ọkùnrin tí mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ fún ọ yìí ṣì wà láàyè. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí n kọ ọ́. Ohun kan ṣoṣo tó fi bẹ̀ mí ni pé kí n má dárúkọ òun, nítorí ó ní ẹkún tí ìyá òun ti sun tó. Nítorí náà, orúkọ tí àwọn ará ilé fún un ni èmi náà yóò fi pè é. Mánéjà ni wọ́n ń pè é.

Ọ̀rẹ́ mi, kì í ṣe mánéjà. Ní etíkun òkè òkun tó lọ wáṣẹ́ sí, yàrá ló ń tọ́jú ní hòtẹ́ẹ̀lì. Yàrá mẹ́rìndínlógún ló máa ń ṣe lójúmọ́. Á tú aṣọ ibùsùn, á kó aṣọ ìnura tó tutù, á fọ ilé ìwẹ̀, á fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, á wá gbá iyanrìn tí àwọn àlejò fi ẹsẹ̀ kó wọlé láti etí òkun. Iyanrìn yẹn kì í tán. Ó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó wà nínú ìrọ̀rí, ó sì tún máa ń tẹ̀ lé òun fúnra rẹ̀ délé.

Ní tèmi o, mi ò rí ohun ìtìjú nínú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tó sì jẹ òógùn ojú rẹ̀ sàn ju ẹni tó wọ kóòtù jalè lọ. Ṣùgbọ́n Mánéjà kò rí i bẹ́ẹ̀. Ìgbéraga ti wọ̀ ọ́ lára kó tó kúrò nílé.

Káfíńtà ni bàbá rẹ̀. Ọmọ méjì péré ni ìyá wọn bí, ọkùnrin ni àwọn méjèèjì, bàbá sì kọ́ wọn níṣẹ́ pa pọ̀. Èyí ẹ̀gbọ́n kò fẹ́ràn rẹ̀. Ó ní ìyẹ̀fun igi kì í ṣe pàúdà tí ọmọ gidi ń fi para. Èyí àbúrò ní tirẹ̀ jókòó ti iṣẹ́. Nígbà tí bàbá kú, ṣọ́ọ̀bù àti irinṣẹ́ di ti Àbúrò, ẹ̀gbọ́n sì bínú bí ẹni pé wọ́n rẹ́ òun jẹ, bẹ́ẹ̀ òun ló ti kọ́kọ́ kọ̀ ọ́. Ìṣojú rẹ̀ ni ṣọ́ọ̀bù náà ṣe ń gbèrú. Àbúrò ń kan ilẹ̀kùn, ó ń kan àga ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn èèyàn ń ti ìlú mìíràn wá bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́. Ohun tó lé ẹ̀gbọ́n dé òkè òkun gan-an nìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ohun mìíràn ló sọ fún àwọn èèyàn.

Irọ́ náà kò bẹ̀rẹ̀ bí irọ́. Ní oṣù kejì tó débẹ̀, wọ́n ní kó máa tọ́jú yàrá kan ní àjà òkè pátápátá. Fèrèsé rẹ̀ fẹ̀ tó ògiri, òkun sì wà níta gbalaja. Ó tẹ́ bẹ́ẹ̀dì tán, ó wo ara rẹ̀ nínú dígí, ó rí i pé òun kò burú. Lọ́jọ́ kejì ó ká kóòtù kan àti táì kan tó gbé wá láti ilé sínú àpò iṣẹ́ rẹ̀, sábẹ́ ọṣẹ. Ó wọ̀ wọ́n nínú yàrá náà fún ìṣẹ́jú mẹ́ta, ó ya fọ́tò, ó fi ránṣẹ́ sílé.

Ìyá rẹ̀ pè é. Ó béèrè pé ṣé ọ́fíìsì rẹ̀ nìyẹn. Kò dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, kò sì dáhùn pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní iṣẹ́ pọ̀, kí Màmá máa gbàdúrà fún òun. Ẹ̀rín yẹn ni irọ́ àkọ́kọ́. Kó tó di ọ̀sẹ̀ kejì, wọ́n ti ń pe ìyá náà ní Ìyá Mánéjà nínú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì, òun náà sì ń jẹ́ ẹ tayọ̀tayọ̀.

Irọ́ kì í dá gbé, ó máa ń ránṣẹ́ pe ẹbí rẹ̀. Lẹ́yìn fọ́tò àkọ́kọ́, ó di dandan kí òmíràn tẹ̀ lé e. Táì kan di méjì. Nígbà tí àlejò kan gbàgbé ìwé ìròyìn sórí tábìlì, Mánéjà ṣí i, ó fi ọwọ́ ti àgbọ̀n bí ẹni tó ń ronú lórí ọ̀ràn ńlá, bẹ́ẹ̀ kò lè ka ọ̀rọ̀ kan nínú èdè tí wọ́n fi kọ ọ́. Korobá àti ìgbálẹ̀ wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, níbi tí ojú kámẹ́rà kò dé.

Ohun tí fọ́tò kò sì sọ fún àwọn ará ilé ni pé iṣẹ́ etíkun ní àsìkò. Láti oṣù karùn-ún dé oṣù kẹsàn-án, èèyàn á pọ̀ níbẹ̀ bí eṣú. Tó bá di oṣù kẹwàá, òtútù á dé, àlejò á lọ, wọn á kan pákó bo ojú fèrèsé hòtẹ́ẹ̀lì, wọn á sì sọ fún àwọn tó ń tọ́jú yàrá pé ó di ọdún tó ń bọ̀. Mánéjà á wá kó sínú yàrá kékeré tó háyà lẹ́yìn ilé ìfọṣọ kan, á máa ṣe iṣẹ́ ọjọ́ kan níhìn-ín, iṣẹ́ ọjọ́ méjì lọ́hùn-ún. Fọ́tò tó ti yà pamọ́ nígbà tí oòrùn ń ràn ni yóò máa fi ránṣẹ́ sílé lọ́kọ̀ọ̀kan títí òtútù yóò fi lọ.

Irú òṣìṣẹ́ kan ṣoṣo ni wọ́n máa ń wá lójú méjèèjì nígbà òtútù. Káfíńtà ni. Afẹ́fẹ́ oníyọ̀ máa ń ba ilẹ̀kùn jẹ́, ó ń ba fèrèsé jẹ́, ó ń ba pákó ilẹ̀ jẹ́, ìgbà tí kò sí àlejò ni wọ́n sì fi ń tún gbogbo rẹ̀ ṣe. Láràárọ̀ ni àwọn fóòmàn máa ń dúró níbi tí ọkọ̀ ojú omi ń gúnlẹ̀ sí, tí wọ́n á máa yan èèyàn. Ìlànà wọn kò ṣòro: oníkálukú ló ń gbé irinṣẹ́ rẹ̀ wá. Wọ́n á wo inú àpótí irinṣẹ́ kí wọ́n tó wo ojú ẹni tó gbé e.

Ọdún mẹ́ta gbáko ni Mánéjà fi wò wọ́n. Ó ń rí àwọn káfíńtà tí wọ́n ń gba ẹnu ọ̀nà iwájú wọ hòtẹ́ẹ̀lì, ẹnu ọ̀nà tí òun kò gbà rí, torí pé ẹ̀yìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìdáná, ni àwọn tó ń tọ́jú yàrá ń gbà wọlé. Jọ̀wọ́, fi èyí sọ́kàn, torí a óò padà síbẹ̀.

Àgbàlagbà ọmọ ilẹ̀ wa kan wà ní etíkun náà, níbi tí èmi náà ń gbé. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó máa to àga sí etí òkun láàárọ̀ fún àwọn tó fẹ́ yá oòrùn, kó sì kó wọn jọ nírọ̀lẹ́. Igba àga ni. Ìdí nìyẹn tí gbogbo wa fi ń pè é ní Alága, òun náà á sì dáhùn pé Alága tí kì í jókòó ni òun. Ọ̀mùtí paraku ni nígbà kan, kí Kristi tó rí i he. Òun ló máa ń kó àwa díẹ̀ jọ lọ́jọ́ Ìsinmi nínú ahéré tí wọ́n ń kó àga sí, a ó kọrin, a ó gbàdúrà. Mánéjà kì í wá. Ó ní ahéré kọ́ ni ibi tí òun ti ń jọ́sìn nílé.

Ní oṣù kẹjọ ọdún kẹrin, Àbúrò pè é láti ilé. Kì í ṣe ẹni tó máa ń béèrè nǹkan. Ó ní iṣẹ́ òun ń lọ, ọwọ́ òun kò dilẹ̀, ṣùgbọ́n Màmá kò jẹ́ kí òun gbádùn. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń ní kí òun lọ bá ẹ̀gbọ́n òun, kí òun náà lè dà bí èèyàn.

“Ẹ̀gbọ́n mi,” ó ní, “ẹ sọ òótọ́ fún mi. Bí iṣẹ́ bá wà, ẹ ní ó wà. Bí kò bá sí, ẹ ní kò sí, mi ò ní bínú. Ohun tẹ́ ẹ bá sọ ni màá ṣe.”

Wo bí Ọlọ́run ṣe ń la ọ̀nà fún ẹlẹ́ṣẹ̀. Ìbá ti sọ òótọ́ lọ́jọ́ náà, ohun tí ìbá bá a kò ju kí ojú tì í lọ. Ó ní kí Àbúrò máa bọ̀.

“Ṣé kí n kó irinṣẹ́ mi dání?”

Mánéjà sọ fún mi pé ní àkókò yẹn gan-an, òun rí àwọn fóòmàn lójú ọkàn òun kedere. Òun rí àbúrò òun tó ru àpótí bàbá wọn, tó gba ẹnu ọ̀nà iwájú wọlé, tí òun sì dúró ní ẹ̀yìnkùlé pẹ̀lú korobá. Gbọ́ mi dáadáa, ọ̀rẹ́ mi: ó mọ̀. Kì í ṣe àìmọ̀kan.

“Má wulẹ̀ gbé ayùn wá,” ó ní. “Tà á. Àbúrò Mánéjà kì í ru àpótí.”

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀. Ó rìn lọ sí etí òkun, ó bá Alága níbi tó ti ń ká àga, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá a ká a. Nígbà tó yá, ó sọ fún un pé àbúrò òun ń bọ̀. Kò sọ ti ayùn. Alága gbé àga tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kalẹ̀, ó wò ó títí.

“Pè é padà nísinsìnyí,” ni Alága wí. “Sọ fún un pé yàrá lò ń gbá, pé bó bá di oṣù kẹwàá kò síṣẹ́.”

Mánéjà ní ojú ń ti òun.

“Ojú á tì ọ́, á sì tán. Ọmọ mi, Jésù kò kú fún mánéjà. Ẹlẹ́ṣẹ̀ ló kú fún. Bí o bá tún gbé mánéjà dé iwájú Rẹ̀, kí lo fẹ́ kó ṣe fún ọ?”

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára, kò lè sẹ́ ẹ. Omi tilẹ̀ ń gbára jọ lójú rẹ̀. Ó ní òun á pè é lọ́la.

Ọ̀la dé, ó mú fóònù, wọ́n pè é sí yàrá kan tí àlejò ti da ọtí sílẹ̀, ó sì fi fóònù sápò. Lọ́jọ́ kẹta ó pè, ìyá rẹ̀ ló gbé e, kó tó la ẹnu, ìyá ti bẹ̀rẹ̀ àdúrà, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó sọ ọmọ òun di mánéjà láàárín àjèjì. Ta ni yóò wá sọ̀rọ̀ lẹ́yìn irú àdúrà bẹ́ẹ̀? Ó ṣe àmín. Nígbà tó fi máa pè lẹ́ẹ̀kejì, Àbúrò ní òun ti ta àpótí náà pẹ̀lú gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀, ẹnì kan sì ti gba ṣọ́ọ̀bù. Mánéjà sọ fún ara rẹ̀ pé ẹ̀pa kò bóró mọ́. Láti ọjọ́ náà ló ti ń gba ọ̀nà mìíràn lọ síbi iṣẹ́, kí òun àti Alága má baà pàdé.

Àbúrò dé ní ìparí oṣù kẹwàá.

Ó bọ́ sílẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì pẹ̀lú àpò kékeré kan àti nǹkan kan tó fi aṣọ wé lábẹ́ apá. Atẹ́gùn ń fẹ́. Gbogbo fèrèsé ojú pópó ni wọ́n ti kan pákó bò. Àwọn àga Alága ti wà lórí ara wọn nínú ahéré, ó ti fi ṣéènì dè wọ́n. Ajá kan ń rìn ní etí òkun, kò sí ohun alààyè mìíràn níbẹ̀. Àbúrò béèrè ibi tí àwọn èèyàn wà, Mánéjà sì dáhùn pé wọ́n lọ sinmi, wọ́n á tó dé.

Ó mú un lọ sí yàrá ẹ̀yìn ilé ìfọṣọ. Bẹ́ẹ̀dì kan ló wà níbẹ̀, àga kan, àti abọ́ kan nílẹ̀ tí omi ń kán sí láti òrùlé. Ó ní wọ́n ń kun ilé tí hòtẹ́ẹ̀lì fún òun lọ́dà ni, pé ibí yìí kò ju ọjọ́ díẹ̀ lọ. Àbúrò ní kò burú. Ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó tú aṣọ tó wé nǹkan náà.

Pátákó kékeré kan ni, irú èyí tí àwọn ọ̀gá máa ń gbé síwájú lórí tábìlì. Ó ti fá a títí ó fi ń dán. Ó fi ọwọ́ gbẹ́ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sára rẹ̀, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan dúró gírígírí: MÁNÉJÀ.

“Igi tábìlì iṣẹ́ bàbá wa ni,” Àbúrò sọ. “Mo gé díẹ̀ lára rẹ̀ kí n tó tà á. Ẹ gbé e sórí tábìlì yín, kí wọ́n mọ̀ pé ọmọ ẹnì kan ni yín.”

Mánéjà gbà á. Ó dúpẹ́, ó sì fi aṣọ náà wé e padà. Ibẹ̀ tún jẹ́ àyè kan tí Ọlọ́run fún un. Ó kọjá bí àwọn yòókù.

Ní ọjọ́ karùn-ún, Àbúrò jáde lọ rìn ní òun nìkan. Igi ló kọ́kọ́ gbóòórùn rẹ̀, igi tútù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ là. Ó tẹ̀ lé òórùn náà títí dé ibi tí ọkọ̀ ojú omi ń gúnlẹ̀ sí, ó sì rí àwọn fóòmàn, ó rí àwọn èèyàn pẹ̀lú àpótí wọn. Kò gbọ́ èdè, ṣùgbọ́n káfíńtà kì í ṣi káfíńtà mọ̀. Ó na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sí fóòmàn kan, ọkùnrin náà fọwọ́ kan àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ níbi tó ti le, ó rẹ́rìn-ín, ó sì fi ọwọ́ béèrè pé àpótí rẹ̀ dà.

Eré ló sá padà wálé. Ayọ̀ wà lójú rẹ̀ bí ìgbà tó wà lọ́mọdé.

“Ẹ̀gbọ́n, iṣẹ́ wà! Káfíńtà ni gbogbo wọn ń wá. Irinṣẹ́ nìkan ló kù.” Ó wá wo ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀. “Ṣé ẹ ò mọ̀ ni?”

“Mi ò mọ̀,” ni Mánéjà dáhùn.

Ọ̀rẹ́ mi, mo ti gbọ́ oríṣiríṣi irọ́ láyé mi, mo sì ti pa díẹ̀ nínú wọn. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré ni èyí, ó sì wúwo ju gbogbo fọ́tò wọ̀nyẹn lọ.

Ẹni tí kò ní irinṣẹ́ kì í yan iṣẹ́. Fóòmàn náà ṣàánú Àbúrò, ó gbà á gẹ́gẹ́ bí alágbàṣe, ó sì fi í sídìí ayùn oníná kan tó ti gbó, tí irin tó yẹ kó dáàbò bo ọwọ́ ti já kúrò lára rẹ̀. Àwọn káfíńtà tó ní irinṣẹ́ tiwọn kì í fọwọ́ kàn án. Hòtẹ́ẹ̀lì tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ gan-an ni wọ́n mú un lọ. Ó ṣiṣẹ́ níbẹ̀ fún ọjọ́ mọ́kànlá. Bó bá dé nírọ̀lẹ́, á se oúnjẹ fún àwọn méjèèjì, kì í sì béèrè ohunkóhun nípa ọ́fíìsì. Mánéjà rò pé kò tíì fura.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kọkànlá, Alága ló wá kan ilẹ̀kùn. Kò kí i. Ó kàn ní kó máa bọ̀.

Mánéjà sáré dé hòtẹ́ẹ̀lì náà. Ẹnu ọ̀nà iwájú ṣí sílẹ̀, kò sì sí ẹni tó dá a dúró. Bó ṣe kọ́kọ́ gba ibẹ̀ wọlé láyé rẹ̀ nìyẹn. Ìyẹ̀fun igi wà nílẹ̀ yàrá ìgbàlejò náà, ẹnì kan sì ti ń bu òmíràn dà lé ibi tó tutù. Wọ́n ti gbé Àbúrò lọ sí ilé ìwòsàn. Ìka mẹ́rin ọwọ́ ọ̀tún ni ayùn náà mú. Àtàǹpàkò ló ṣẹ́ kù.

Mánéjà dé ilé ìwòsàn, wọn kò tíì jẹ́ kó wọlé. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e padà sí yàrá rẹ̀ níbi tí pátákó náà wà. Ahéré Alága ló gbé e lọ. Ó wọ àárín àwọn àga tí wọ́n tò jọ, ó wólẹ̀ sórí iyanrìn, ó sunkún títí ohùn rẹ̀ fi há. Alága kúnlẹ̀ tì í. Àdúrà tí Mánéjà gbà kò gùn. Ó ní, “Olúwa, mi ò kì í ṣe mánéjà. Mo mọ̀ pé káfíńtà ni wọ́n ń wá, mo sì ní kó tà á. Ìlara ni. Jésù, bí O bá lè gba irú mi, gbà mí.”

Jésù gbà á. Mo gbà bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú gbogbo ọkàn mi, torí mo mọ ọkùnrin náà ṣáájú, mo sì mọ̀ ọ́n lẹ́yìn náà. Ṣùgbọ́n nígbà tó dìde, kò bú sórin. Ó béèrè lọ́wọ́ Alága pé kí ló kù kí òun ṣe. Alága ní kó lọ bá ẹni tó ṣẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì wọ́n jẹ́ kó wọlé. Àbúrò sùn sẹ́bàá fèrèsé, wọ́n ti fi aṣọ funfun wé ọwọ́ rẹ̀ rúgúdú. Mánéjà kò jókòó. Ẹ̀gbọ́n ni, ṣùgbọ́n ó kúnlẹ̀ fún àbúrò rẹ̀ lójú gbogbo àwọn aláìsàn tó wà níbẹ̀.

“Mi ò kì í ṣe mánéjà,” ó ní. “Yàrá ni mò ń gbá.”

“Mo mọ̀,” ni Àbúrò dáhùn. “Mo rí fọ́tò yín láàárín ti àwọn òṣìṣẹ́ yòókù lára ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìdáná, lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí mo débẹ̀. Ẹ wọ aṣọ iṣẹ́ búlúù. Mi ò fẹ́ kójú tì yín ni mi ò ṣe sọ. Ẹ dìde.”

Ìbá dùn bí ọ̀rọ̀ bá parí síbẹ̀. Mánéjà sọ fún mi pé òun fẹ́ dìde. Ọkàn òun ní kí òun gba ìdáríjì yẹn, kí òun sì pa ẹnu mọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí Kristi ti wọ inú rẹ̀ kì í lè gbé irọ́ mọ́yà sùn mọ́.

“Ó ku ọ̀kan,” ó ní. “Mo mọ̀ pé káfíńtà ni wọ́n ń wá níbí. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí mo ti mọ̀. Mo mọ̀ lọ́jọ́ tí o béèrè. Mi ò fẹ́ kí o ga jù mí lọ.”

Àbúrò wo ọwọ́ tí wọ́n wé náà.

“Ẹ bá mi fa aṣọ fèrèsé yẹn,” ó ní. “Oòrùn ń wọ̀ mí lójú.”

Kò sí oòrùn lọ́jọ́ náà. Mánéjà dìde, ó fà á. Nígbà tó fi máa yíjú padà, Àbúrò ti kọjú sí ògiri, kò sì sọ̀rọ̀ mọ́ títí wọ́n fi ní kí àwọn tó wá kí aláìsàn máa lọ.

Wọ́n dá Àbúrò padà sílé lóṣù tó tẹ̀ lé e. Ní ibùdókọ̀, ohun tó sọ kò ju pé kí ẹ̀gbọ́n òun bá òun kí Alága. Ní báyìí, ìyá wọn ló ń bá a de bọ́tìnnì ẹ̀wù rẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù bàbá wọn wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Wọ́n ní ó máa ń lọ jókòó síwájú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, á wo àwọn tó ń fági, á sì dìde lọ. Ìyá náà kò jẹ́ Ìyá Mánéjà mọ́, kò sì sí ẹni tó tún pè é bẹ́ẹ̀.

Mánéjà ṣì wà ní etíkun yẹn. Ó ti sọ òtítọ́ fún gbogbo ará ilé, ó sì ń gbá yàrá mẹ́rìndínlógún lójúmọ́ nígbà tí àlejò bá wà. Ọjọ́ Ìsinmi kan kò kọjá kó má jókòó sínú ahéré pẹ̀lú wa. Lẹ́yìn ìsìn, á bọ́ síta, á pe Àbúrò lórí fóònù. Á dún títí á fi dákẹ́. Ó ti lé ní ọdún méjì tó ti ń pè é. Pátákó náà wà nínú yàrá rẹ̀. A ti ní kó sọ ọ́ nù, ó kọ̀. Ó ní iṣẹ́ ìkẹyìn tí ọwọ́ yẹn fi irinṣẹ́ tirẹ̀ ṣe láyé ni.

Ìwọ tí ò ń ka ìwé yìí, bóyá wọ́n fún ọ nínú ọkọ̀, bóyá o rí i lórí àga kan ni o mú un. Má rò pé mò ń sọ pé ẹ̀jẹ̀ Jésù kò tó fún Mánéjà. Ó tó. Gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ náà ló wẹ̀ nù, títí kan èyí tó ń jẹ́ “mi ò mọ̀.” Bí ọkùnrin náà bá kú lónìí, mo mọ ibi tó ń lọ. Ṣùgbọ́n ìka kò tún hù. Olúwa dárí ji ẹni tó ronú pìwà dà ní oṣù kọkànlá, bó ṣe fẹ́ dárí jì í ní oṣù kẹjọ. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín oṣù méjèèjì ni ọwọ́ ọ̀tún káfíńtà kan.

Ẹ̀ṣẹ̀ tìrẹ lè má jọ tirẹ̀. O lè má wọ táì rí. Ṣùgbọ́n orúkọ kan wà tí wọ́n ń pè ọ́, tí o sì ń jẹ́, tí ìwọ àti Ọlọ́run mọ̀ pé kì í ṣe tìrẹ. Ẹnì kan sì wà níbì kan, ọkọ tàbí aya, ọmọ, òbí, ọmọ ìyá, tó gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ lé ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ. O ti ń sọ pé lọ́la. Mánéjà náà sọ bẹ́ẹ̀ fún Alága, tòótọ́tòótọ́ ló sì sọ ọ́.

Mo bẹ̀ ọ́ nítorí Ọlọ́run, kúnlẹ̀ níbi tí o wà yìí. Má wá ọ̀rọ̀ dídùn. Sọ fún Jésù ohun tí o jẹ́ gan-an, torí irú ẹni bẹ́ẹ̀ ló kú fún, yóò sì gbà ọ́ kó tó di pé o dìde. Bí o bá sì ti dìde, gbé fóònù, pe ẹni náà, sọ òtítọ́ fún un.

Ṣe é lónìí. Lónìí, ìka rẹ̀ ṣì pé.